Ẹ̀jẹ̀ Èrìgì Nínú Agolo Omi

Ìwé ò ní imú, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè kọ ọ́. Ká ní mò ń sọ ọ́ fún yín lójúkojú ni, ẹ ti máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì, èmi náà á sì ti bínú dìde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé ọ̀lẹ kan ló ń sunkún níbí. Èmi ni mò ń wa ẹ́njìnnì ọkọ̀ ìpẹja bàbá mi kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá mi. Láti Abereke títí dé Zion Pepe, ní gbogbo etí òkun wa, ẹ béèrè wò: ta ló lè mú ọkọ̀ gba orí ìgbì kọjá lọ́jọ́ tí òkun bá ń ru, kí omi tó máa wọnú ọkọ̀ má ju ẹ̀kún ìgò kan lọ? Èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí wọ́n gbé ẹ́njìnnì lé mi lọ́wọ́, àwọn tó ti ń pẹja kí wọ́n tó bí mi sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí. Ìwé mi ò dé ibì kankan. Òkun ló gbé kíláàsì wa lọ. Tíṣà wa tó wá láti Èkìtì kó ẹrù ẹ̀, ó lọ sílé. Èmi náà kó tèmi, mo lọ sínú ọkọ̀. Kò dùn mí. Ìwé kì í tètè parí, èmi ò sì ní sùúrù.

Ohun kan ṣoṣo tó tún yá ju ọwọ́ mi lọ lára mi ni ẹnu mi. Èèyàn márùn-ún la wà nínú ọkọ̀ yẹn: bàbá mi kékeré tó ni ín, tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tí wọ́n wá láti Ugbonla, àwọn ló ń ju àwọ̀n, ọ̀rẹ́ mi kan tó sanra bí àgbá tó ń gbọ́n omi jáde, àti èmi. Tí a bá ti ju àwọ̀n tán, tí a jókòó tí à ń retí, èmi ni rédíò wọn. Mo lè sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi dé àárín orí. Màá sín bàbá mi kékeré jẹ, màá sín pásítọ̀ jẹ, màá sín ìyàwó ẹ̀gbọ́n tó ń ju àwọ̀n jẹ bó ṣe ń bá ewúrẹ́ jà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ á fi máa mì.

Ọkọ̀ wa ní òfin kan. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn ọkọ̀ mìíràn ń ṣe é, àmọ́ tiwa, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Kí á tó tì í wọ omi, bàbá mi kékeré á bu omi sínú agolo mílíìkì kan. Òun á kọ́kọ́ mu, á wá gbé e fún èmi, torí ọwọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ́njìnnì lẹ̀mí gbogbo wa wà. Èmi á mu, màá gbé e fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á gbé e fún àbúrò, ọ̀rẹ́ mi á sì mu ún gbẹ. Bàbá mi kékeré á máa sọ pé, “Ẹni tó bá ní nǹkan nínú sí ẹnìkejì ẹ̀, kó má fẹnu kàn án. Kó sọ ọ́ níbí, lórí ilẹ̀.” Ìdí ẹ̀ ni pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, ó rí ọkọ̀ kan tó dojú dé. Ọkùnrin kan wà nínú omi, èkejì ẹ̀ di okùn mú, kò jù ú sí i. Wọ́n ti ń bínú síra wọn láti orí ilẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an, mi ò lè sọ. Ọdún tí òkun gbé yàrá tí mò ń sùn lọ ni. Kò gbé gbogbo ilé o, yàrá tèmi àti ibi ìdáná nìkan ni. A kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí ìyá mi, a ń sùn lórí pákó, èèyàn mẹ́fà. Mi ò sunkún. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí nǹkan kan tó ń pè mí. Màá kàn dìde lọ sínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, láìrun orín, láìfọ ẹnu. Ta ló ń wo eyín lójú òkun?

Nígbà tí mo wá rántí run orín lọ́jọ́ kan, orín náà pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Mo ní orín yẹn ló le jù, mo sọ ọ́ nù, mi ò sì mú òmíràn. Nígbà tó yá, èrìgì mi wú. Eyín iwájú kan ń mì. Tí mo bá fi ahọ́n tì í, nǹkan kíkorò kan á sun jáde nídìí ẹ̀. Mo fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, mo fi ògógóró ṣan án. Mo tún ṣe ohun tó jẹ́ pé àwa tí à ń wa ẹ́njìnnì nìkan ló lè ronú kàn án. Ẹ mọ̀ pé rọ́bà la fi ń fa pẹtiróòlù láti inú kẹ́ẹ̀gì, ẹnu la sì fi ń fà á. Ẹnìkan ti sọ fún mi rí pé eyín awakọ̀ kì í ní kòkòrò, pé pẹtiróòlù ń pa wọ́n. Mo bá fà á, dípò kí n tu ú dà nù, mo fi ṣan ẹnu títí mo fi ka ogójì. Gbogbo inú ẹnu mi bó. Fún ọjọ́ mẹ́rin, púpurú tútù, òkèlè ẹ̀gẹ́ wa, ni mo ń gbé mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Kòkòrò kankan ò kú o. Èmi ló kù díẹ̀ kí n kú.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń yan ẹja létí omi. Ó kù díẹ̀ kó gbà fún mi. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mò ń ròyìn bí mo ṣe gba orí ìgbì kan tó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó gbé ọwọ́ sí imú.

“Kí lo jẹ lónìí?”

“Púpurú àti ọbẹ̀ marúgbó. Ṣé kí n lọ bù wá fún ẹ ni?”

“Rárá o. Èyí tó wà lẹ́nu ẹ yẹn ti kú láti ìjẹta.”

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò padà lọ síbẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ti inú ọkọ̀ ló burú jù. A wà lójú òkun, mò ń sọ̀rọ̀ lọ, ni ọ̀rẹ́ mi tó ń gbọ́n omi bá na imú sókè.

“Ẹ gbà mí o. Ẹja kan ti jẹrà sínú ọkọ̀ yìí.”

“Èmi náà ti ń gbọ́ ọ,” ni àbúrò tó ń ju àwọ̀n sọ. “Abẹ́ pákó ni.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo bá wọn wá a. Mo gbé pákó sókè, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń gbóòórùn kiri bí ajá. Mo rí akàn gbígbẹ kan nídìí ọkọ̀, mo nà án sókè, mo ní, “Òun rèé! Akàn burúkú!” Mo jù ú sómi. Inú wọn dùn. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ.” Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa díẹ̀ sí i, àbúrò tún fa imú, ó wo abẹ́ pákó, ó tún wò mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mi dé lójú òkun.

“Rédíò ti kú,” ni ọ̀rẹ́ mi ń wí. “Ẹ bá wa ra bátìrì.”

Bàbá mi kékeré pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Kí ló ń ṣe ẹ́?”

“Kò sí nǹkan, sà.”

“Ẹnìkan ṣẹ̀ ẹ́ ni?”

“Rárá, sà.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ká ní mo ní ìbà, màá sọ. Ká ní ìwọ̀ ẹja gún mi, màá sọ, màá tún fi yangàn. Ṣùgbọ́n kí èmi, èmi tí mò ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́, wá sọ pé ẹnu mi ń jẹrà? Nǹkan mìíràn sì wà tí mi ò ní orúkọ fún. Gbogbo nǹkan ti di ọ̀kan náà lójú mi. Àwọ̀n kún, àwọ̀n ṣófo, ìkan náà ni. Ìgbì ńlá á dìde níwájú wa, ọwọ́ mi á ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọkàn mi ò ní gbọ̀n, kò sì ní yọ̀. Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà tí mo ń wo ìgbì kan bọ̀ tí mo rò ó pé tí mi ò bá yí ọwọ́ ẹ́njìnnì ńkọ́. Àwọn mẹ́rin yòókù ni mo wò tí mo fi yí i.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá mi kékeré bu omi, ó mu, ó gbé e fún mi. Mo mu. Bí mo ṣe gbé agolo kúrò lẹ́nu, mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀. Kò pọ̀. Ó rí bí òwú pupa kan tó ń rọra rì lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Ẹ̀gbọ́n ti na ọwọ́ kó gbà á. Mi ò ronú. Mo da omi náà sórí iyanrìn.

Gbogbo wọn dúró. Omi ti wọlẹ̀ tán, wọ́n ṣì ń wo ojú ibẹ̀.

Bàbá mi kékeré ní, “Kí lo ṣe yẹn?”

Mo fi agolo náà pamọ́ sẹ́yìn.

“Mo ní kí lo ṣe yẹn? Ṣé o mọ ohun tó túmọ̀ sí? Èèyàn lè má mu ún. A ti rí i rí, a sì parí ìjà. Ta ló da omi gbogbo wa nù rí?”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ẹ rọra, bóyá kòkòrò ló bọ́ sí i. Rédíò, ṣé kòkòrò ló bọ́ sí i?”

Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Kí n kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kòkòrò ni, wọ́n á bu òmíràn, wọ́n á ní kí n mu, ẹ̀jẹ̀ á tún wà níbẹ̀. Mo bá gbé àyà sókè bí mo ṣe máa ń gbé e. Mo ní, “Ó wù mí ni. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ wá ẹlòmíì tó máa wa ẹ́njìnnì. Ẹ ó rí i.”

A ò lọ sí òkun lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ọkọ̀ yòókù kó ẹja sáwá débi pé àwọn obìnrin ò rí igi yan án. Nírọ̀lẹ́, bàbá mi kékeré ránṣẹ́ sí ìyá mi pé òun ò lè gbé ẹni tó ní nǹkan nínú sí wa lọ sórí omi mọ́, ọmọ òun ni mo jẹ́, òun ò sì fẹ́ rí òkú mi, òun ò sì fẹ́ kí n rí tòun.

Ẹ wò ó, mo fara mọ́ ọn. Ó sàn kí wọ́n bẹ̀rù mi ju kí wọ́n di imú. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Mo dùbúlẹ̀. Èmi tí mi ò lè jókòó sójú kan fún wákàtí kan, mo dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá mi ní wọ́n ti ṣe mí. Àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n gbàdúrà lé mi lórí, mo kọjú sí ògiri kí wọ́n má bàa gbóòórùn, wọ́n ní ẹ ò rí i pé kò fẹ́ wo ojú àdúrà. Eyín iwájú yẹn bọ́ lọ́jọ́ Àìkú kan, nínú ẹ̀kọ. Mo tu ú sọ́wọ́. Ẹja àti egungun ni mo fi eyín yẹn jẹ láti kékeré, mo sì wò ó, kò dùn mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá láti fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ó máa ń bẹ̀rù ọkọ̀, ó máa ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bí ẹni di ọkọ ẹ̀ mú. Ìyá mi fà á wọlé.

“Ya ẹnu,” ló wí.

“Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, àǹtí.”

“Ṣé o rò pé tìrẹ ni àkọ́kọ́ ni? Ya ẹnu, jàre. Mo ti gbóòórùn ju èyí lọ.”

Òun lẹni àkọ́kọ́ tí kò yíjú. Ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó, ó fi igi kékeré kan kan èrìgì mi, ẹ̀jẹ̀ dà. Ó ní èrìgì náà ti ń rà, ó ti ń fi eyín sílẹ̀, mẹ́ta mìíràn ti fẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ó bi mí nǹkan tí mi ò retí. Ó ní ṣé mò ń sùn. Ó ní ṣé oúnjẹ ń wù mí. Ó ní ṣé mo ti rò ó rí pé ó sàn kí n má sí. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní rárá. Nọ́ọ̀sì wò mí, kò gbà mí gbọ́, kò sì pariwo.

“Àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀,” ló wí. “Èrìgì tó bá ń rà, egbò ni, ó ń bá gbogbo ara jà, ó sì ń kó ìtìjú báni. Èèyàn á máa sá fún èèyàn, ìsoríkọ́ á dé. Ẹni tí ìsoríkọ́ bá sì mú, kò ní ráyè ẹnu ẹ̀, èrìgì á tún bàjẹ́ sí i. Wọ́n ń ti ara wọn bọ̀ ni.”

Mo bi í pé, “Èwo ló kọ́kọ́ dé sí tèmi?”

“Ìwọ ló yẹ kó o sọ fún mi.”

Mo ro ti yàrá mi tó lọ sínú òkun. Mo ro ti orín tó pọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

Ó fún mi lóògùn, ó kọ ìwé kan pé kí n gbé e lọ fún dókítà eyín nínú ìlú, ó ní dókítà mìíràn wà níbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ rí pẹ̀lú, ti ìsoríkọ́. Ó ní tí mi ò bá lè sọ ọ́ lẹ́nu, kí n máa kọ ọ́. Ìyẹn lẹ ń kà yìí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ̀ mí létí. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ bá wọn létí òkun níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀ fún bàbá mi kékeré, èmi tí kì í kúnlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ẹnu mi ń rùn, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú omi, mi ò ní nǹkan nínú sí ẹnikẹ́ni. Mo ya ẹnu kí wọ́n rí i.

Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ẹnu rírùn lásán? Ààwẹ̀ ọjọ́ méje ni mo gbà nítorí ẹ!”

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀? Èmi ló ń mu tẹ̀lé ẹ.” Ó tu itọ́ sílẹ̀, ó rọra nu ẹnu. Mi ò bínú sí i.

Bàbá mi kékeré gbé mi dìde. Omi wà lójú ẹ̀. “Òmùgọ̀,” ló wí. “Mo ti ń sùn, mo ti ń jí, mò ń bi ara mi pé kí ni mo fi ṣe ọmọ yìí. Lọ́la, wá. Wá pẹ̀lú agolo tìẹ. Ẹ́njìnnì yẹn ò gbọ́ ti ẹlòmíì.”

Mo rìn lọ sílé, ara mi fúyẹ́. Mo tún sín àǹtí ìyá mi jẹ lójú ọ̀nà. Ìyá mi gbọ́, ó jó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lajú, mi ò lè dìde. Kò sí ibì kankan tó ń dùn mí. Mo ní kí ẹsẹ̀ mi sọ̀kalẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Mo ronú nípa ìgbì, nípa ìjókòó mi nídìí ẹ́njìnnì, gbogbo ohun tí mo lọ kúnlẹ̀ tọrọ, ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n pè. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi níta: “Rédíò! Rédíò o! Ọkọ̀ ń lọ!” Mo fa aṣọ borí.

Bàbá mi kékeré wá fúnra ẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣó o ti ń bọ̀?”

“Ẹ máa lọ, sà. Màá wá lọ́la.”

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Mo sọ ohun kan náà. Lọ́jọ́ kẹta, kò dé ẹnu ọ̀nà, ìta ló dúró sí. Ó ní, “Ṣé o ṣì ń bínú sí wa ni?”

“Rárá, sà.”

“Nítorí pé ẹ̀gbọ́n tutọ́?”

“Rárá.”

“Kí wá ni?”

Mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan fún un. Èmi! Ó ní, “Nígbà náà, nǹkan wà nínú ẹ lóòótọ́,” ó sì lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló ń wa ẹ́njìnnì báyìí. Wọ́n ní omi ń wọnú ọkọ̀ dé orókún, ṣùgbọ́n wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀.

Oògùn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti dín kù. Ìyá mi sún mọ́ mi, ó gbóòórùn ẹnu mi bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, ó ní kò rùn mọ́. Ó ń gún púpurú mi kó rọ̀. Lánàá ó ní kí á wọ ọkọ̀ lọ sínú ìlú, kí á gbé ìwé yẹn fún àwọn dókítà méjèèjì. Mo ní lọ́la. Lónìí ó ti wọ aṣọ, ó ti gbé báàgì lápá kí ó tó bi mí. Mo tún ní lọ́la. Ó jókòó sórí pákó lẹ́sẹ̀ mi, kò bọ́ aṣọ, kò sì gbé báàgì sílẹ̀. Ó ṣì jókòó síbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.